Rọ́bà imú ọmọ ní ICU: mílíìkì tí wọ́n kọ sílẹ̀ àti mílíìkì tó wọlé

Ìyá Bọ̀dé, Ṣómólú | Ọjọ́ Àìkú, 9:12 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí, n kì í kàn dá sí i ni. Nǹkan kan ti ń jẹ mí lọ́kàn láti bí oṣù méjì, kí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n ṣàlàyé fún mi.

Òtútù àyà ló kọ lu ọmọ mi ọkùnrin, oṣù mọ́kàndínlógún. Ilé ìwòsàn kékeré tó wà ládùúgbò wa ní agbára àwọn ò ká a, ká tètè máa gbé e lọ. Ibi tí a gbé e lọ, ICU, wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le jù, ni wọ́n gbé e wọ̀ lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ti rọ́bà kan bọ̀ ọ́ lọ́fun kí ẹ̀rọ lè máa bá a mí, wọ́n ti èkejì bọ̀ ọ́ nímú fún oúnjẹ. Ọjọ́ mọ́kànlá la lò níbẹ̀. Ó ti wà nílé báyìí, àná ló ju rìmóòtù sínú garawa omi. Ẹ bá mi dúpẹ́.

Aṣọ ni mò ń tà ní Tejúoṣó, ẹni tó ń tajà sì mọ gbèsè kọ. Nígbà tí n kò rí nǹkan kan ṣe fún ọmọ mi ju kí n jókòó sórí bẹ́ǹṣì lọ, mo ra jótà lẹ́nu géètì, mo ń kọ mílíìkì rẹ̀ sílẹ̀ bí mo ṣe ń kọ gbèsè oníbàárà. Ohun tí dókítà kọ sínú fáìlì ni 60 ml ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta. Ìgbà mẹ́jọ lójúmọ́, ó di 480. Ẹ wo ọjọ́ kẹrin bí mo ṣe kọ ọ́:

6 àárọ̀: 60.
9 àárọ̀: òfo. Wọ́n ní wọ́n ń gbé e lọ ya àwòrán àyà nísàlẹ̀, kó má jẹun.
12 ọ̀sán: òfo. Àwọn ayàwòrán ò tíì pè.
3 ọ̀sán: 60. Wọn ò gbé e lọ mọ́, ẹ̀rọ dákú.
6 ìrọ̀lẹ́: 60.
9 alẹ́: òfo. Rọ́bà dí.
12 òru: 60.
3 òru: 60.

Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 300. Ọjọ́ kẹfà tiẹ̀ burú ju bẹ́ẹ̀ lọ, 240 péré. N kò wá bá ẹnikẹ́ni jà o, àwọn nọ́ọ̀sì yẹn ṣe gudugudu méje. Ìbéèrè mi ni pé, ta ló ń ṣírò ohun tó wọlé? Àbí ohun tí wọ́n bá ti kọ sínú fáìlì làwọn dókítà máa ń rò pé ọmọ jẹ?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó | 9:20 alẹ́

Ẹ kú ewu ọmọ, Ìyá Bọ̀dé. Jótà yẹn wú mi lórí.

Nọ́ọ̀sì Òru | 10:47 alẹ́

Ẹ kú ewu, Màmá Bọ̀dé. Mo wà níbi iṣẹ́, mò ń jí i tẹ̀ ni. ICU ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti ọdún mẹ́sàn-án, ọmọdé àti àgbà pọ̀ ni tiwa torí bẹ́ẹ̀dì àwọn ọmọdé nìkan ò pọ̀ ní gbogbo Èkó yìí.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Nínú ìwé wa, a máa ń kọ ohun tó wọlé ní wákàtí wákàtí. Dírípù, oògùn, mílíìkì, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀, ìtọ̀ náà wà níbẹ̀. Àmọ́ tí ẹ bá wo àwọn dókítà tó ń yípo láàárọ̀, omi tó wọlé àti omi tó jáde ni wọ́n ń kà. Ẹni tó máa ní "ẹ yọ mílíìkì sọ́tọ̀, ẹ̀yin ìgbà mélòó lẹ fò?" ló ṣọ̀wọ́n. Òfo tí ẹ kọ yẹn, nínú tiwa àlàfo lásán ni. Àlàfo kì í sọ ìdí.

Ní ti rọ́bà tó dí, ẹ má rò pé kékeré ni. Rọ́bà ọmọ tó tó Bọ̀dé, nọ́ńbà 6 tàbí 8 ni. Nọ́ńbà mẹ́ta ló ń jẹ́ mìlímítà kan, ìyẹn ni pé gbogbo ìbú nọ́ńbà 6 ò ju mìlímítà méjì lọ, ihò inú rẹ̀ sì tún kéré sí i. Èérún oògùn tí wọ́n lọ̀ tí kò kúnná lè dí i pátápátá. Tó bá ti kọ̀ láti ṣí, a ó yọ ọ́, a ó ti tuntun bọ̀ ọ́. Títì bọ̀ ọ́ gan-an wá ni iṣẹ́.

Mo máa ń fi rọ́bà náà wọ ọmọ kí n tó tì í: láti ihò imú dé ìsàlẹ̀ etí, láti etí dé àárín méjì ibi tí egungun àyà parí sí àti ìdodo. Mo máa ń lẹ pílásítà bíńtín síbẹ̀ kí n lè mọ ibi tí mo dé. Tó bá ti wọlé, mo máa fi sírínjì fà á díẹ̀díẹ̀ títí omi inú á fi yọ, mo máa kán an sórí bébà pH, èyí tó ń fi bí omi ṣe kan tó hàn. Tí nọ́ńbà rẹ̀ bá jẹ́ 5.5 tàbí kó wálẹ̀ sí i, a mọ̀ pé inú àpòlúkù la wà. Tó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, tàbí tí omi kankan ò jáde, ó di X-ray. Ẹ̀rọ X-ray tó ṣeé ti wá sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì, ẹyọ kan la ní, wọ́ọ̀dù mẹ́rin ló ń dúró dè é. Tí rọ́bà bá dí láago mẹ́sàn-án alẹ́, tí ẹ sì rí mílíìkì láago méjìlá, wọ́n gbìyànjú o.

Mò ń bọ̀, ẹ̀rọ kan ń pariwo.

Nọ́ọ̀sì Bàbá, Agége | 11:05 alẹ́

Ọ̀gá mi, bébà pH wo? Níbi tí mo wà, afẹ́fẹ́ la máa ń fi sírínjì fẹ́ sínú rọ́bà, ká gbé ohun ìgbọ́yà sórí ikùn. Tó bá ti dún "bùlúkù", a ti débẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Òru | Ọjọ́ Ajé, 12:31 òru

Àbúrò mi, mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, bí wọ́n ṣe kọ́ wa náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n tí rọ́bà bá wà nínú ẹ̀dọ̀fóró, tí ẹ fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i, ó máa dún bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, torí àyà ọmọ kéré, ohùn ń rìn. Láti 2005 ni wọ́n ti ní kí àwọn nọ́ọ̀sì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì má gbára lé e mọ́, lẹ́yìn táwọn aláìsàn ti kú sí i. Tí bébà ò bá sí, ẹ bèèrè X-ray, kí ẹ má sì tíì da nǹkan kan sí i. Ọmọ tí ẹ̀rọ ń bá mí, tí wọ́n ti fi oògùn kùn lóorun, kò ní húkọ́ kó tó kìlọ̀ fún yín.

Ohun kan tún wà. Oògùn tí wọ́n fi ń dín omi kíkan inú kù, omeprazole àti ìjọ rẹ̀, ó lè mú kí bébà ka 6 tàbí 7 bí rọ́bà tiẹ̀ wà níbi tó yẹ. Ẹ wo ohun tí ọmọ ń lò kí ẹ tó dá a lẹ́bi.

Ìyá Àgbà, Ẹ̀búté Mẹ́ta | 7:15 àárọ̀

(Ọmọ-ọmọ mi ló ń bá mi tẹ̀ ẹ́.) Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú iṣẹ́. Mílíìkì, mílíìkì. Kí ló ṣe ògì? Ògì bàbà tí wọ́n sẹ́ dáadáa, kí wọ́n lọ edé gbígbẹ sí i, epo pupa ṣíbí kan, sóyà díẹ̀. Ohun tí mo fi gba bàbá ọmọ tó ń tẹ̀wé yìí lọ́wọ́ ikú nìyẹn, ní 1974, nígbà tó gbẹ bí ẹja. Mílíìkì olówó gọbọi yìí, ta ló fẹ́ rà á fún ọjọ́ mọ́kànlá?

Nọ́ọ̀sì Òru | 8:02 àárọ̀

Ẹ káàárọ̀ mà. Mo kúnlẹ̀. Ẹ ò ṣìnà lórí edé, epo àti sóyà, ògì olómi tí kò ní nǹkan nínú ló burú. Tí ọmọ bá ń fẹnu mu ún, èmi náà á ní kí wọ́n ṣe é bẹ́ẹ̀.

Rọ́bà nìṣòro, mà. Ògì gbígbóná ń ṣàn, ó tutù tán ó dì. Inú rọ́bà mìlímítà méjì ló ti máa dì. Tí a bá bù ú lómi kó lè kọjá, omi la ń fún ọmọ yẹn. Edé tí wọ́n lọ̀, bó ti wù kó kúnná, háhá rẹ̀ máa ń gbá jọ sẹ́nu rọ́bà. Èkejì ni kòkòrò: bíléńdà, asẹ́, ṣíbí, ọwọ́. Ọmọ tó dá ṣáká lè yà á dànù lọ́jọ́ kejì, ọmọ ICU ò lágbára ìyẹn. Mílíìkì oníyẹ̀fun pàápàá kì í ṣe aláìlẹ́bi, kòkòrò lè wà nínú yẹ̀fun yẹn látilé iṣẹ́. Ìdí nìyẹn tí àjọ ìlera àgbáyé fi ní kí omi tí a ó fi pò ó má tutù ju 70°C lọ, ká pò ó kí ó tó tutù fún ọmọ. Omi fúláàsì tó ti wà nílẹ̀ láti àná, kì í ṣe òun.

Ìyá Àgbà, Ẹ̀búté Mẹ́ta | 8:10 àárọ̀

Ó yé mi. Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín lóru. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti yọ rọ́bà, kí wọ́n fún un ní ògì.

Fẹ́mi Gbàgádà | 9:40 àárọ̀

Ìbéèrè òpè: ṣebí oúnjẹ tí wọ́n ń fà sára láti inú iṣan wà? Èyí tó funfun bíi mílíìkì tí wọ́n máa ń fi kọ́ sókè. Kí ló dé tí wọn ò fa ìyẹn sí ọmọ, kí gbogbo wàhálà rọ́bà parí?

Dókítà Ọmọ Wẹ́wẹ́ | 1:25 ọ̀sán

Ẹ kú ewu ọmọ, Ìyá Bọ̀dé. Bẹ́ẹ̀ ni, ohun tí wọ́n bá kọ la máa ń rò pé ọmọ jẹ. Mo jẹ̀bi ẹ̀. Mo ti dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí mo ń sọ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pé "ọmọ yìí ń gba oúnjẹ rẹ̀ dáadáa", nígbà tí sírínjì àárọ̀ ṣì kún lórí tábìlì.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò náà papọ̀, bíi ti Tejúoṣó. Ká ní Bọ̀dé jẹ́ kílò 10. Tó bá kàn sùn sílẹ̀ gbalaja láìgbé apá, ara rẹ̀ á jó nǹkan bíi kálórì 560 lójúmọ́. Mílíìkì ọmọ ọwọ́ tó wọ́pọ̀ ní bíi kálórì 67 nínú 100 ml. 300 tó wọlé lọ́jọ́ kẹrin jẹ́ kálórì 200. 480 tí wọ́n kọ sílẹ̀, ká tiẹ̀ ní kò sí òfo kankan níbẹ̀, 320 ni. Ẹ rí i pé gbèsè ti wà látorí ohun tí àwa dókítà kọ. Púrọ́tíìnì ló wá burú jù. Ìlànà tí àwọn oníṣègùn ICU àti ti oúnjẹ ní Amẹ́ríkà gbé jáde ní 2017 ní ó kéré tán gíráàmù kan àbọ̀ fún kílò kan lójúmọ́. Gíráàmù 15 nìyẹn fún un. Nínú 480 ml mílíìkì bẹ́ẹ̀, kò pé gíráàmù 7.

Kí ló dé tí a fi kọ kékeré? Omi ni. Ọmọ kílò 10 tí ara rẹ̀ yá máa ń lo lítà omi kan lójúmọ́. Ẹ̀dọ̀fóró tó ti wú, a kì í fẹ́ rọ omi tó pọ̀ lé e, a ó dín in kù. Nínú èyí tó kù, oògùn àrùn ń wá pẹ̀lú omi tiẹ̀, oògùn oorun ń wá pẹ̀lú omi tiẹ̀, omi tí a fi ń ṣan iṣan wà níbẹ̀. Mílíìkì ló máa ń gbẹ̀yìn pín. Ọ̀nà àbáyọ ni mílíìkì tó ki, tó ní kálórì 100 nínú 100 ml. Ó wà lọ́jà, owó rẹ̀ ni kò ṣeé gbọ́.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé lọ́jọ́ kìíní ó yẹ ká da gbogbo rẹ̀ sí i. A máa ń bẹ̀rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárín ọjọ́ kìíní sí ìkejì, ká máa fi kún un. Ìlànà 2017 yẹn ní kí ó kéré tán ìdá méjì nínú mẹ́ta kálórì tí ara ọmọ nílò lójúmọ́ ti máa wọlé kí ọ̀sẹ̀ kìíní tó parí. Fún Bọ̀dé, bíi 370 nìyẹn. Ọjọ́ kẹfà tí ẹ ní 240 ml wọlé, kálórì 160.

Fẹ́mi, ìbéèrè rẹ kì í ṣe ti òpè. Ní 2016 wọ́n gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n ṣe ní Bẹ́ljíọ̀mù, Nẹ́dálándì àti Kánádà, wọ́n pè é ní PEPaNIC. Ọmọ 1,440 ló wà níbẹ̀. Wọ́n tètè fa oúnjẹ inú iṣan sí àwọn kan, wọ́n sì ní kí àwọn yòókù dúró títí ọ̀sẹ̀ kan á fi kọjá, kí ohun tí rọ́bà bá lè gbé wọlé ṣì tó wọn. Àwọn tó dúró ni kòkòrò àrùn tuntun ò fi bẹ́ẹ̀ mú, àwọn náà ló tètè kúrò ní ICU. Nítorí náà oúnjẹ inú iṣan ní àyè tiẹ̀, pàápàá tí ìfun ò bá ṣiṣẹ́, kì í ṣe ọ̀nà ẹ̀bùrú. Àti pé ìfun tí kò bá rí oúnjẹ gbà a máa joro.

Ìyá Bọ̀dé, Ṣómólú | 1:52 ọ̀sán

Dókítà, mo ka èyí lẹ́ẹ̀mẹta. Kílò 10 àti díẹ̀ ló wọlé, kílò 8.9 ló jáde. Mo rò pé àìsàn ló jẹ ẹ́.

Dókítà Ọmọ Wẹ́wẹ́ | 2:03 ọ̀sán

Àìsàn náà jẹ nínú rẹ̀, Màmá. Ibà àti òtútù àyà máa ń yọ ẹran ara ọmọ, oúnjẹ nìkan ò lè dá a dúró pátá. Ẹ má ru gbogbo rẹ̀ lérí.

Apòògùn Ìdúmọ̀tà | 4:18 ìrọ̀lẹ́

Rọ́bà tó ń dí, iṣẹ́ àwa apòògùn náà wà níbẹ̀, a kì í kàn débẹ̀ ni. Oògùn olómi ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ wá. Tí kò bá sí, kí wọ́n tó lọ hóró, kí wọ́n bèèrè. Hóró tí wọ́n ṣe kó máa tú díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí méjìlá, tí ẹ bá lọ̀ ọ́, gbogbo rẹ̀ á tú lẹ́ẹ̀kan náà, ọmọ lè gbé májèlé jẹ. Ẹ má pò oògùn pọ̀ mọ́ mílíìkì, ẹ má sì pò oògùn méjì pọ̀. Ẹ fi omi ṣan rọ́bà kí ẹ tó fún un, ẹ ṣan án lẹ́yìn rẹ̀, kí ẹ sì ka omi yẹn mọ́ omi ọmọ.

Phenytoin tí wọ́n fi ń dá gìrì dúró tún le. Tí ẹ bá fún un pẹ̀lú mílíìkì, ara ò ní gbà á tó. Wọ́n á ní ká dá mílíìkì dúró ṣáájú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ bá mi ṣírò iye wákàtí tí ìyẹn ń kó lọ lójúmọ́ tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta. Òfo tí Ìyá Bọ̀dé ń kọ náà ni.

Bàbá Kẹ́hìndé, Òkè Àrìn | 8:36 alẹ́

Mo ti ń wo ọ̀rọ̀ yìí láti àárọ̀, ọwọ́ mi ò fẹ́ tẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ ti sọ ti ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ ò tó, ẹ jẹ́ kí n sọ òdìkejì.

Kẹ́hìndé wa, ọmọ ọdún mẹ́ta nígbà yẹn. Ibà ló gùn ún dórí, gìrì mú un, kò jí. Wọn ò fi í sórí ẹ̀rọ, ó ń dá mí fúnra rẹ̀, rọ́bà imú wà fún oògùn. Wọ́n ní kí a má tíì fún un ní nǹkan kan. Ọjọ́ kìíní, ọjọ́ kejì. Ìyá mi jókòó tì í, ó ń sunkún pé ebi ń pa ọmọ òun, pé ta ló ń fi ebi wo àìsàn sàn. Nọ́ọ̀sì kan ló ń tọ́jú ọmọ méje lóru yẹn. Nígbà tó lọ sọ́dọ̀ ọmọ tó wà lójú fèrèsé, èmi ni mo di sírínjì mú, ìyá mi ló ń da omi ògì. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì, kì í ṣe dókítà. Àwa ni.

N kò mọ̀ pé pílásítà imú rẹ̀ ti tú, pé rọ́bà ti yọ wá síta tó ìka méjì. Ó wú ikọ́ kékeré kan báyìí, ètè rẹ̀ yí padà sí àwọ̀ eérú. Ó ṣì ń ṣe mí bí ẹni pé mo ń gbọ́ ikọ́ yẹn. Wọ́n fi ẹ̀rọ fa ògì jáde nínú àyà rẹ̀. Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i. Ó yè é, ó wà ní praímárì kẹta báyìí. Ìyá mi kú lọ́dún tó kọjá, a ò jọ sọ̀rọ̀ rẹ̀ rí títí ó fi lọ.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó | 8:41 alẹ́

Bàbá Kẹ́hìndé, ẹ ṣeun tí ẹ sọ ọ́.

Dókítà Ọmọ Wẹ́wẹ́ | 9:30 alẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣeun. Ẹ̀rù tó bà ìyá yín kì í ṣe ẹ̀rù òmùgọ̀. Àwa fúnra wa ò dá ọ̀rọ̀ yẹn yanjú tán. Ní Chittagong, ní Bangladesh, wọ́n ṣe ìwádìí kan tó jáde ní 2011 lórí àgbàlagbà tí ibà ti kó bá ọpọlọ wọn, tí kò sí rọ́bà èémí lọ́fun wọn. Àwọn kan bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ rọ́bà lójú ẹsẹ̀, àwọn kan dúró. Àwọn tó tètè bẹ̀rẹ̀ ni oúnjẹ ń gba inú ẹ̀dọ̀fóró wọn lọ, débi pé wọ́n ní láti dá ìwádìí náà dúró. Ọmọdé kọ́ ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tó kọ́ wa ni pé ẹni tí kò jí, tí kò sí ohun tó ń ṣọ́ ọ̀nà èémí rẹ̀, ọ̀tọ̀ ni tiẹ̀, ọ̀tọ̀ ni ti Bọ̀dé tí rọ́bà èémí ti wà lọ́fun rẹ̀. Ṣúgà ọmọ tí kò jẹun la gbọ́dọ̀ máa wò lóòrèkóòrè, ká fi dírípù olóṣúgà dì í mú. Kí ẹnì kan ṣàlàyé ìyẹn fún ìyá yín lóru yẹn ni kò ṣẹlẹ̀.

Ọmọ kan tún wà tí èmi máa ń bẹ̀rù jù, èyí tó ti gbẹ kó tó dé. Ọmọ tí kò jẹun kánú láti oṣù mélòó kan, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú. Tí ẹ bá fi ìbínú da oúnjẹ sí i, fọ́sífétì àti potásíọ̀mù, àwọn iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, á já wálẹ̀, ọkàn lè dáwọ́ dúró nígbà tí gbogbo ilé ń yọ̀ pé ó ti ń jẹun. Mílíìkì F-75 la fi ń bẹ̀rẹ̀ fún irú wọn, kálórì 75 péré nínú 100 ml, díẹ̀díẹ̀, ní wákàtí méjì sí mẹ́ta, tọ̀sán tòru. Ó di ìgbà tí ara bá ti rọ̀ ká tó bọ́ sórí F-100, èyí tó ki jù ú lọ.

Ìyá Ìbejì, Ọbáléndé | Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:50 àárọ̀

Ọ̀rọ̀ yín mú mi rántí. Èmi ní tèmi, ọmú ni wọ́n ní kí n máa fún wá. Mo ń gbé ní Island, ọmọ wà ní mainland, ìbẹ̀rẹ̀ 2024 nígbà tí wọ́n ń tún Third Mainland ṣe, tí wọ́n ti apá kan. Kúlà kékeré, yìnyín tí mo rà lọ́wọ́ ẹlẹ́ja, ìgò mẹ́rin nínú ọ̀rá. Wọ́n kọ́ mi pé wákàtí mẹ́rin ni omi ọyàn lè wà nílẹ̀ láìsí yìnyín, nínú yàrá tí kò gbóná. Èwo ni yàrá tí kò gbóná nínú dánfó? Mo máa ń bọ́ sílẹ̀ ní Adéníji, kí n gun ọ̀kadà níbi tí wọn ò ti ní mú wa. Ìgbà kan yìnyín yọ́ tán, mo da gbogbo rẹ̀ nù sójú gọ́tà. Mo sunkún ju ọjọ́ tí mo bí wọn lọ.

Ohun tí mo fẹ́ bi Aǹtí Nọ́ọ̀sì: ọ̀rá omi ọyàn mi máa ń lẹ̀ mọ́ ara sírínjì. Ṣé kì í ṣe èyí tó dára jù nínú rẹ̀ ló ń ṣẹ́ kù bẹ́ẹ̀?

Nọ́ọ̀sì Òru | 7:44 àárọ̀

Ẹ rí i bí ẹ ṣe ń rí i yẹn, òun gan-an ni. Ọ̀rá rẹ̀ ló gbé kálórì. Tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ máa tì í díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí púpọ̀, ọ̀rá á léfòó, á lẹ̀ mọ́ rọ́bà, omi á sì kọjá lọ bá ọmọ. A máa ń dá sírínjì dúró kí ẹnu rẹ̀ kọjú sókè kí ọ̀rá lè kọ́kọ́ wọlé, a kì í sì lo rọ́bà gígùn. Èyí tí a jẹ́ kó fi ara rẹ̀ ṣàn ní ìgbà kọ̀ọ̀kan kì í pàdánù tó bẹ́ẹ̀.

Tí mo bá ti sọ ẹ̀rọ, àwọn èèyàn á ní ẹ̀rọ ló dára. Méjì la ní. Ọ̀kan, bátìrì rẹ̀ ti kú, tí iná bá lọ kí jẹnẹrétọ̀ tó gbé e, ó ti gbàgbé iye tó ti fún ọmọ. Mo fẹ́ràn ọwọ́ mi ju òun lọ. Mo máa ń gbé orí bẹ́ẹ̀dì sókè bí ìwọ̀n 30, kí n yọ ìdí sírínjì, kí n da mílíìkì sí i, kí n gbé e sókè tó gíga orí ọmọ àti díẹ̀ sí i. Tó bá ń sáré jù, mo sọ ọwọ́ kalẹ̀. Tó bá dúró, mo gbé e sókè. Ìṣẹ́jú ogún fún ọmọ kan. Ọmọ mẹ́fà nìyẹn ń jẹ wákàtí méjì nínú mẹ́ta, lẹ́yìn náà ni ẹlòmíì á bi mí pé kí ló dé tí mo fi jókòó.

Nọ́ọ̀sì Bàbá, Agége | 8:20 àárọ̀

Ọ̀gá mi, mílíìkì tó bá ṣẹ́ kù sínú ikùn ọmọ ńkọ́? Wọ́n ní ká máa fà á ká tó fún un ní òmíràn, tó bá pọ̀ ká dá oúnjẹ dúró. Ìyẹn nìkan lè gba ìgbà méjì lójúmọ́.

Dókítà Ọmọ Wẹ́wẹ́ | 12:11 ọ̀sán

Àwọn oníṣègùn ICU ọmọdé ti Yúróòpù, ESPNIC, ti sọ ní 2020 pé kí a yéé fà á gẹ́gẹ́ bí àṣà. Iye tó ṣẹ́ kù kò sọ òótọ́ nípa bóyá inú ń gba oúnjẹ. Ẹ wo ọmọ: ṣé ó ń bì, ṣé ikùn rẹ̀ ti le bí ìlù, ṣé ìgbẹ́ rẹ̀ ti di ẹ̀jẹ̀? Tí kò bá sí èyí, ẹ fún un. Níbi tiwa, a ṣì ń jà lórí rẹ̀, ọ̀gá wa kan ò gbà títí dòní.

Ní ti àwòrán tí kò wáyé tó gba oúnjẹ ìgbà méjì lọ́wọ́ Bọ̀dé, èyí ló dùn mí jù nínú jótà yẹn. Kí ẹni tó máa ya àwòrán kọ́kọ́ pè pé ẹ̀rọ ti ṣe tán, ká tó dá mílíìkì dúró. Ká sì bi oníṣègùn akunnilóorun léèrè pé ọmọ tí rọ́bà èémí ti wà lọ́fun rẹ̀, wákàtí mélòó ló nílò gan-an. Tí wọ́n bá fagi lé e, kí ẹnì kan padà wá bẹ̀rẹ̀ mílíìkì lójú ẹsẹ̀, kì í ṣe kó dúró de aago mẹ́ta.

Fẹ́mi Gbàgádà | 12:40 ọ̀sán

Ìyá Bọ̀dé, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wà ní ICU láti àná. Ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe fa ìlà jótà yẹn?

Ìyá Bọ̀dé, Ṣómólú | 1:15 ọ̀sán

Ah, Ọlọ́run á bá wa wò ó sàn. Ìlà mẹ́rin: aago, iye tí wọ́n kọ, iye tó wọlé, ìdí. Ìdí yẹn ni kí wọ́n má fò. Kí wọ́n fi bírò kọ ọ́, kí wọ́n má fi ọwọ́ kan rọ́bà fúnra wọn. Tí àwọn dókítà bá ń yípo láàárọ̀, kí ìyá ọmọ dúró níbi tí wọ́n á ti rí i, kó sọ iye àná nìkan, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Èmi ò mọ̀ pé mo lè sọ ọ́ títí di ọjọ́ kẹjọ. Ọjọ́ tí mo sọ ọ́, ọ̀dọ́ dókítà obìnrin kan gba jótà náà lọ́wọ́ mi, ó wò ó, ó wo fáìlì, ó tún wò ó. Láti ọjọ́ yẹn ni wọ́n ti pààrọ̀ mílíìkì rẹ̀ sí èyí tó ki.

Nọ́ọ̀sì Òru | Ọjọ́rú, 5:58 àárọ̀

Mo fa ìlà ìdí náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé tiwa lálẹ́ àná, pẹ̀lú rúlà. Mátírọ́nì rí i, ó ní ó dára, ó ní kí n máa fà á lọ bẹ́ẹ̀ torí ìwé títẹ̀ tuntun ò sí títí oṣù tó ń bọ̀. Bẹ́ẹ̀dì mẹ́fà. Èmi àti rúlà mi.